AP mélòó ni ọmọ yín ń ṣe?

Ní agbègbè Houston tí mò ń gbé, bí àwa òbí bá pàdé níbi ìkómọ tàbí lẹ́yìn ìsìn, kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ iléèwé fi máa ń wọlé. Nígbà tí àwọn ọmọ bá kéré, à ń bi ara wa nípa kíláàsì tí wọ́n wà, irú olùkọ́ tí wọ́n ní, bóyá wọ́n ṣì ń gbọ́ Yorùbá. Tí wọ́n bá ti dé girama, àwọn ìbéèrè wọ̀nyẹn á rọlẹ̀, á wá ku ẹyọ kan, lórí àwọn kọ́ọ̀sì tó le tí wọ́n ń pè ní AP: "AP mélòó ni ọmọ yín ń ṣe?" Ẹni tó bá ní mẹ́ta, wúyẹ́wúyẹ́ ni yóò sọ ọ́. Ẹni tó bá ní mọ́kànlá, gbogbo ojú á yí sí i. Mo mọ ìyá kan tó ti ibi ìkómọ délé lálẹ́ Sátidé, tó jí ọmọ rẹ̀ dìde pé kó fi kọ́ọ̀sì méjì kún èyí tó ti mú, nítorí ohun tó gbọ́ lẹ́nu ìyá ọmọ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ yìí jẹ mí lógún gidigidi. Àkọ́bí mi obìnrin ti wọ yunifásítì, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ṣì wà ní kíláàsì karùn-ún. Láti ara àwọn méjèèjì ni mo ti rí ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi sọ. Kì í ṣe iye AP ni àwọn tó ń gbani wọlé sí yunifásítì ń kà. Ibi tí ẹnu òbí sì ti lè ran ọmọ lọ́wọ́ jù lọ ti máa ń kọjá tipẹ́ kí AP àkọ́kọ́ tó dé. Nígbà tí wọ́n ń pinnu ohun tó ṣe kókó, a kì í sí níbẹ̀. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ọmọ fúnra rẹ̀ la máa ń dé, ìgbà yẹn náà la máa ń pariwo.

Fún ẹni tó ń ka èyí láti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, AP ni àwọn kọ́ọ̀sì tí ọmọ girama ń ṣe ní ìwọ̀n ti ọdún kìíní yunifásítì. College Board, àwọn kan náà tó ni SAT, ìdánwò tí ọmọ fi ń wá àyè sí yunifásítì, ló ń darí rẹ̀ láti 1955. Oṣù Karùn-ún ni ìdánwò rẹ̀, máàkì sì ń lọ láti 1 dé 5. Àwọn iléèwé mìíràn ń ṣe IB, tó bẹ̀rẹ̀ ní Geneva ní 1968: ọmọ á mú kọ́ọ̀sì 6, á kọ ìwádìí gígùn kan, máàkì tó ga jù lọ sì jẹ́ 45. Àwọn kan ń ṣe dual credit, ìyẹn ni pé wọ́n ń gba kọ́ọ̀sì yunifásítì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò bíi Houston Community College nígbà tí wọ́n ṣì wà ní girama. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òfin Texas láti 2015 ní kí àwọn yunifásítì ìjọba máa fún ọmọ tó bá gba 3 sókè nínú ìdánwò AP ní kírẹ́díìtì kọ́ọ̀sì yunifásítì, àyàfi tí wọ́n bá lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó nílò máàkì tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Owó ńlá nìyẹn ń dín fún òbí tó ń san owó iléèwé, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé kí ọmọ rẹ̀ má ṣe AP.

JAMB ló kọ́ wa ní kíkà tí à ń kà yìí. Àwa tí a ṣe WAEC, tí a sì jókòó sí JAMB, a mọ bó ṣe rí: kírẹ́díìtì márùn-ún, kí Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà máàkì nínú 400. Ẹ rántí Further Maths. Ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì tèmi, àwa díẹ̀ la ń ṣe é, lẹ́yìn tí agogo bá ti lù tí àwọn yòókù ti lọ sílé ni olùkọ́ máa ń jókòó tì wá. Ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ mi tó fẹ́ di dókítà ló pa á tì, torí Gẹ̀ẹ́sì, baọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì ni JAMB máa bi wọ́n. Ọgbọ́n ni wọ́n ṣe. Ohun tí wọn kò ní bi ọ́, kí lo fẹ́ fi ṣe? Kò sí ibì kankan nínú fọ́ọ̀mù tí ẹni tó dúró lẹ́yìn agogo ti lè sọ pé òun dúró.

Ní Amẹ́ríkà, Further Maths yẹn gan-an ni wọ́n ń wá. Ẹni tó ń ka ìwé ọmọ ní yunifásítì tó ń ṣà mú fẹ́ mọ̀ pé nígbà tí ọmọ yìí ní àǹfààní láti lọ sílé, ṣé ó lọ ni àbí ó dúró? Ìwé máàkì ọdún mẹ́rin wà níwájú rẹ̀, orúkọ kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, ó sì mọ ìyàtọ̀ láàárín A nínú ìṣirò tó rọrùn àti B nínú kálíkúlọ́ọ̀sì. Òbí tó bá gbé ojú JAMB wá síbí á máa wá máàkì kan tí yóò pinnu gbogbo rẹ̀. Nígbà tí kò bá rí irú máàkì bẹ́ẹ̀, á fi iye AP rọ́pò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lórí tábìlì wọn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì dé rí. Yàtọ̀ sí ìwé máàkì, iléèwé ń fi ìwé kan ránṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní school profile. Ojú ìwé díẹ̀ péré ni, ó sì sábà máa ń wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni lè kà á. Ó ń sọ iye ọmọ tó wà ní iléèwé náà, iye AP tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣírò GPA, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì ọmọ, bóyá wọ́n fi òté lé iye tí ọmọ lè mú lọ́dún kan. Nínú Common App, fọ́ọ̀mù ìwọlé tí ọ̀pọ̀ yunifásítì jọ ń lò, apá kan tún wà tí ọmọ kì í kún, tí òbí kì í rí. Counselor iléèwé, ẹni tó ń gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn, ló ń kún un. Wọ́n ní kó fi ọmọ yìí wé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń múra yunifásítì ní iléèwé kan náà, kó sì sọ bí kọ́ọ̀sì tó mú ṣe le tó. Ìdáhùn márùn-ún ló wà níbẹ̀: èyí tó le jù lọ, èyí tó le gan-an, èyí tó le, èyí tó wà ní ìwọ̀nba, èyí tí kò le tó. Ó máa fi àmì sí ọ̀kan, ó tán.

Àmì kékeré yẹn lágbára. Ẹni tó sì ń fi í síbẹ̀ lè má mọ ojú ọmọ yín. Ẹgbẹ́ àwọn counselor fúnra wọn sọ pé kí ẹnì kan má bójú tó ju ọmọ 250 lọ, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìpínlẹ̀ iye wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ará wa pé kí wọ́n má dúró di kíláàsì kejìlá kí wọ́n tó wá counselor lọ. Ní kíláàsì kẹsàn-án ni kí ẹ ti lọ kí i. Ẹ béèrè pé: kí ni ọmọ ní láti mú kí ẹ tó lè fi àmì sí "èyí tó le jù lọ" fún un ní iléèwé yìí? Ìbéèrè tó tọ́ ni, wọn kì í bínú sí i. Mo ti rí ibi tí counselor ti ní AP 6 tó bá tẹ̀ lé ara wọn dáadáa ti tó. Òbí tó wà pẹ̀lú mi lọ́jọ́ náà kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́, torí 12 ló ti ń sọ fún ọmọ rẹ̀ láti ọdún méjì.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ojú tí yunifásítì kan fi ń wo nǹkan, ẹ wá ìwé tí wọ́n ń pè ní Common Data Set sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì lọ sí abala C7. Wọ́n to gbogbo ohun tí wọ́n ń wò síbẹ̀, wọ́n sì sọ èyí tó ṣe pàtàkì gan-an àti èyí tí wọn kì í wò rárá. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣà mú, bí kọ́ọ̀sì ṣe le tó sábà máa ń wà lókè pátápátá, pẹ̀lú máàkì tí ọmọ gbà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọmọ wà ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Nǹkan bí ìdajì àwọn iléèwé girama ìjọba ní Amẹ́ríkà ni kò kọ́ kálíkúlọ́ọ̀sì rárá, níbi tí àwọn ọmọ dúdú àti ọmọ Latino bá sì pọ̀ sí, ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2023, Caltech, tó jẹ́ pé dandan ni kálíkúlọ́ọ̀sì, físíìsì àti kẹ́mísírì níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣí ọ̀nà mìíràn fún ọmọ tí iléèwé rẹ̀ kò ní àwọn kọ́ọ̀sì náà, kó lè fi hàn lọ́nà mìíràn pé òun mọ̀ wọ́n. Ọmọ tí iléèwé rẹ̀ ní AP 5, tó ṣe 4, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ tán. Ọmọ tí tirẹ̀ ní 28, tó ṣe 8, lè má wà lára àwọn tó mú èyí tó le jù lọ. Àwa tí a ta gbogbo ohun tí a ní ká lè ra ilé sí Katy tàbí Sugar Land nítorí iléèwé tó dára, a ní láti mọ̀ pé òṣùwọ̀n ọmọ wa ga sí i lọ́jọ́ tí a gba kọ́kọ́rọ́ ilé. Mi ò sọ pé kí a má lọ. Èmi náà lọ.

Ti Texas tún ní nǹkan tirẹ̀ nínú, ó sì yẹ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ní 1996, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ dájọ́ nínú ẹjọ́ Hopwood pé àwọn yunifásítì Texas kò gbọ́dọ̀ wo àwọ̀ ọmọ mọ́ tí wọ́n bá ń gbani wọlé. Ní 1997, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ náà wá ṣe òfin pé ọmọ tó bá wà nínú ìdá 10 àkọ́kọ́ nínú ọgọ́rùn-ún ní kíláàsì rẹ̀, iléèwé yòówù kó jẹ́, kí yunifásítì ìjọba gbà á tààrà. Ọmọ Third Ward ní àárín Houston àti ọmọ abúlé kan ní ìwọ̀-oòrùn Texas jọ ní ẹ̀tọ́ kan náà. Òfin tó dára gan-an ni lójú tèmi. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń lọ sí UT Austin, ìyẹn Yunifásítì Texas ní Austin, pọ̀ jù. Ní 2009 wọ́n yọ̀ǹda fún UT láti dín in kù, kí àwọn tó ń wọlé tààrà má kọjá ìdá 75 nínú àyè àwọn ọmọ Texas. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti wà ní ìdá 6, ó sì ti di ìdá 5 fún àwọn tó ń wọlé ní 2026. Ẹni tó bá sì wọlé tààrà bẹ́ẹ̀ kò tíì gba ẹ̀ka tó fẹ́: ẹ̀rọ, kọ̀ǹpútà àti okòwò ṣì máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tọ̀.

Ohun tí èyí ń ṣe sínú ilé ni pé ipò ọmọ nínú kíláàsì di ohun tí gbogbo ìdílé ń ṣírò. Lọ́pọ̀ agbègbè, A nínú kọ́ọ̀sì lásán jẹ́ 4.0, A nínú AP jẹ́ 5.0. Ẹ wo ohun tó túmọ̀ sí: ọmọ tó ń ta fàólìnì nínú orchestra iléèwé, tó ń gba A níbẹ̀ lọ́dọọdún, A yẹn ń fà á sẹ́yìn.

Ní oṣù Kejì ọdún tí ọmọ mi wà ní kíláàsì kẹwàá, ó tẹ́ fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì sórí tábìlì oúnjẹ. Ó ti fi pẹ́ńsù kọ orchestra sí ìlà tó kẹ́yìn, ó pa á rẹ́, ó kọ AP Environmental Science, ó tún pa á rẹ́, ibẹ̀ ti dúdú, bébà sì ti fẹ́ ya.

"Mọ́mì, tí mo bá fi orchestra sílẹ̀, GPA mi á gòkè."

"Báwo ló ṣe máa gòkè tó?"

Ó gbé fóònù sí mi lójú. Nọ́ńbà kejì lẹ́yìn àmì ìdá ló yí padà.

"Ṣé ẹ̀kọ́ nípa àyíká wù ọ́ ni?"

"Rárá mà. Àwọn tó wà níwájú mi ló ń ṣe é."

Bàbá rẹ̀ tó ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kò gbójú sókè. Ó ní, "Tí wọ́n bá wá bi ọ́ pé kí ló dé tí o fi fi fàólìnì sílẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, kí lo máa sọ fún wọn?" Ọmọ náà dákẹ́. Ó mú pẹ́ńsù, ó tún kọ orchestra síbẹ̀, ó sì gbé fọ́ọ̀mù náà lọ sí yàrá rẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ má baà tún yí padà.

A san owó ìpinnu yẹn. Ipò rẹ̀ jáde kúrò nínú ìdá tí UT ń gbà tààrà ní ọdún tirẹ̀. Àbúrò ọkọ mi pe wá lórí fóònù, ó bá wa wí fún ìdajì wákàtí, ó ní a jẹ́ kí ọmọ fi orin ba ọjọ́ iwájú rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n ó wà nínú ìdá 10, Texas A&M, yunifásítì ìjọba mìíràn, ṣì ń gba ìyẹn tààrà, ibẹ̀ ló wà báyìí tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. UT kọ̀ ọ́ nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dùn ún, ó sunkún, mi ò ní purọ́. Síbẹ̀, tí wọ́n bá ní kí n tún jókòó sídìí tábìlì yẹn, ohun kan náà ni mo máa fọwọ́ sí. Mo gbà pé ìṣirò, físíìsì, kẹ́mísírì àti Gẹ̀ẹ́sì tó le jù lọ ní iléèwé rẹ̀ ló yẹ kí ọmọ tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ mú, ó sì mú gbogbo wọn. Èyí tó kù, ọmọ ló ni ín.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní, "Harvard ńkọ́?" Ní 2024, ọmọ 54,008 ló kọ̀wé sí Harvard, wọ́n gba 1,937. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ara wọn, àwọn tí kò rí àyè ju 52,000 lọ. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ fún mi pé ọ̀lẹ ni gbogbo wọn tàbí pé AP wọn kò tó. Ìwádìí tí Raj Chetty, David Deming àti John Friedman gbé jáde ní 2023 fi hàn pé láàárín àwọn ọmọ tí máàkì SAT tàbí ACT wọn dọ́gba, ọmọ ìdílé tó wà nínú ìdá 1 tó lówó jù lọ ní àǹfààní tó ju ìlọ́po méjì ti ọmọ ìdílé agbedeméjì lọ láti wọ irú àwọn yunifásítì bẹ́ẹ̀. Ọmọ ẹni tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde níbẹ̀ wà nínú ìdí rẹ̀, eléré ìdárayá wà nínú rẹ̀. Kò sí iye AP tó lè dí àlàfo yẹn. Kọ́ọ̀sì tó le ń mú kí wọ́n fara balẹ̀ ka ìwé ọmọ náà, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ mọ. Òbí tó bá sọ fún ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún pé tó bá ṣe 12 wọn máa gbà á, ó ń ṣèlérí ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ìròyìn wọn kún WhatsApp wa nígbà kan, ẹ jẹ́ ká padà wo ohun tí wọ́n ṣe gan-an. Harold Ekeh wọ gbogbo yunifásítì Ivy League mẹ́jọ, àwọn olókìkí bíi Harvard, ní 2015. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Augusta Uwamanzu-Nna, láti iléèwé kan náà, Elmont Memorial ní Long Island, tún wọ gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Iléèwé ìjọba ni. Ìròyìn tí a ń fi ránṣẹ́ síra wa, "mẹ́jọ" nìkan ló wà níbẹ̀. Ohun tí a kò fi ránṣẹ́ ni pé Augusta ti ń ṣe ìwádìí lórí sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi ń dí kànga epo rọ̀bì lábẹ́ òkun, bí kò ṣe ní máa fọ́. Ó fi dé ìpele àṣekágbá ìdíje sáyẹ́ǹsì Intel. Ìwádìí ti Ekeh dá lórí àrùn ìgbàgbé, torí ìyá rẹ̀ àgbà tó ní in. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ bí yàrá ìwádìí ṣe ń gba àkókò, ẹ bi ara yín léèrè: ọmọ tó ń sáré láti AP kan bọ́ sí òmíràn títí di aago méjì òru, ìgbà wo ló máa rí àyè ronú nípa sìmẹ́ǹtì?

Yunifásítì North Carolina ní Chapel Hill yẹ àkọsílẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tiwọn wò, wọ́n rí i pé tí ọmọ bá ti ṣe nǹkan bíi kọ́ọ̀sì 5 irú èyí ní girama, àfikún lórí rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mú kí máàkì rẹ̀ dára sí i ní ọdún kìíní. Mo fẹ́ràn ìwádìí yẹn torí pé wọn kò sọ pé kí ọmọ sinmi. Wọ́n kàn wo ibi tí èrè rẹ̀ ti dúró.

Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ alẹ́ ni mo sì máa ń ṣe. Wákàtí 8 sí 10 ni àwọn oníṣègùn ọmọdé ní kí ọmọ ọdún mẹ́tàlá sí méjìdínlógún máa sùn. Tó bá di oṣù Karùn-ún, àkókò ìdánwò AP, a máa ń rí àwọn ọmọ tí wọ́n gbé wá lóru pé àyà wọn ń já, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, agolo ohun mímu tó ń lé oorun lọ sì wà nínú báàgì iléèwé wọn. Ìyá á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á máa sọ fún mi pé ọmọ òun kì í ṣe wàhálà rárá, pé ìwé nìkan ló mọ̀. Mo máa ń gbà á gbọ́. Tí mo bá sì rí i pé ará wa ni, mo máa ń fi Yorùbá sọ fún un lẹ́yìn tí dókítà bá ti lọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kó fi ọ̀kan sílẹ̀."

Ibo wá ni ariwo òbí ti wúlò? Ìṣirò ni, ní kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà.

Ẹ jẹ́ ká kà á sẹ́yìn. Ọmọ tó máa ṣe kálíkúlọ́ọ̀sì ní kíláàsì kejìlá gbọ́dọ̀ ṣe Precalculus ní ìkọkànlá, Algebra II ní ìkẹwàá, Geometry ní ìkẹsàn-án, Algebra I ní ìkẹjọ. Kó tó lè ṣe Algebra I ní ìkẹjọ, ó gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìṣirò tó yára láti ìkẹfà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá nìyẹn! Ọmọ tí wọn kò bá fi sí ojú ọ̀nà yẹn, Precalculus ló máa parí sí, àyàfi tó bá ṣe kọ́ọ̀sì ìṣirò méjì pọ̀ lọ́dún kan tàbí tó fi ọ̀kan ṣe ní àkókò ìsinmi. Bẹ́ẹ̀ sì ni físíìsì tó le jù lọ àti ìdajì àwọn ẹ̀ka tí àwa Yorùbá fẹ́ràn dúró lórí kálíkúlọ́ọ̀sì. Ojú tó máa bá ni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin.

Tẹ́lẹ̀, olùkọ́ ló ń dá ọmọ yàn sínú ìṣirò tó yára, tàbí kí òbí tó mọ̀nà lọ béèrè. Ẹ lè fojú inú wo àwọn tó ń ṣẹ́kù. Dallas kọ́kọ́ yí tirẹ̀ padà ní 2019: ọmọ tí máàkì rẹ̀ bá tó, inú rẹ̀ ló wà, àyàfi tí òbí bá ní kí wọ́n yọ ọ́. Àwọn ọmọ dúdú àti ọmọ Latino pọ̀ sí i nínú kíláàsì náà lójú ẹsẹ̀. Ní 2023, ìpínlẹ̀ Texas sọ ọ́ di òfin, Senate Bill 2124: ọmọ tó bá wà nínú ìdá 40 òkè nínú ìdánwò ìṣirò ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní STAAR, ti kíláàsì karùn-ún, kí iléèwé fi í sínú ìṣirò tó yára ní ìkẹfà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè. Òbí nìkan ló lè ní kí wọ́n má ṣe é. Mo ti pàdé ará wa tó fọwọ́ sí ìwé ìyọkúrò náà láìkà á, ó rò pé ìwé ìrìn-àjò afẹ́ iléèwé ni.

Ti àwọn ọmọ tó ń dé láti ilé tún le ju èyí lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan kó àwọn ọmọ rẹ̀ dé láti Ìbàdàn lóṣù Kẹjọ. Èyí tó dàgbà jù ti ṣe JSS 3 tán. Iléèwé tí wọ́n mú un lọ wo èsì rẹ̀, wọn kò mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe é, wọ́n fi í sí Algebra I ní kíláàsì kẹsàn-án. Ọ̀rẹ́ mi gbé ìwé àjákọ ọmọ náà wá sílé mi, èyí tó ní èèpo aláwọ̀ ewé tí gbogbo wa mọ̀, tí wọ́n tẹ ìsọdipúpọ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Simultaneous equation wà níbẹ̀, factorisation wà níbẹ̀, àmì pupa olùkọ́ wà lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Ọmọ náà ti ṣe ìdajì ohun tí wọ́n tún fẹ́ fi odidi ọdún kan kọ́ ọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé òfin Texas fún ọmọ láyè láti ṣe ìdánwò fo kọ́ọ̀sì tí kò tíì ṣe níbí. Credit by exam ni wọ́n ń pè é. Tó bá gba 80 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní kírẹ́díìtì rẹ̀. Agbègbè kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe é lọ́dún, ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ dáadáa. Wọ́n kọ́kọ́ sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé kó jẹ́ kí ọmọ náà fara mọ́ ibi tó wà ná. Ó padà lọ. Wọ́n ní counselor kò sí nílé. Ó tún padà lọ, ó mú ìwé àjákọ yẹn dání, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó ní kí wọ́n fi ìdánwò wò ó. Ọmọ náà ṣe ìdánwò náà, ó yege, wọ́n gbé e bọ́ sí Geometry ní ìkẹsàn-án, ó ṣe Algebra II ní kíláàsì kẹwàá. Kálíkúlọ́ọ̀sì ló máa ṣe ní ìkejìlá. Bí ó ṣe máa mú AP yòókù, ìyá rẹ̀ ti sọ fún un pé òun kò ní dá sí i.

Ọmọkùnrin mi máa ṣe STAAR tirẹ̀ ní ìgbà ìrúwé yìí. Mo ti bi olùkọ́ rẹ̀ léèrè ibi tí wọ́n ń fi lẹ́tà ìṣirò kíláàsì kẹfà ránṣẹ́ sí, ó ní orí ìtàkùn òbí ni, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn tí èsì bá ti jáde. Mo béèrè ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀ tí kò bá dé, ó kọ orúkọ àti ímeèlì onítọ̀hún fún mi sórí bébà. Kí ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní kíláàsì karùn-ún gba tiyín kí iléèwé tó ti ìlẹ̀kùn fún ìsinmi.